Ayálégbé: ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ, àti ohun tí "Bàbá" ń bò mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé Ṣómólú tàbí Bàrígà: ayálégbé.

Ẹ jẹ́ ká já a sí wẹ́wẹ́: a-yá-ilé-gbé, ẹni tó yá ilé, tó ń gbé inú rẹ̀. "Yá" ni kókó ibẹ̀. Lóde òní, a máa ń sọ pé a yá owó, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í da "yá" pọ̀ mọ́ "wín". Iyọ̀ tàbí owó ni wọ́n ń wín: ẹ lò ó tán, òmíràn lẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ọkọ́ tàbí aṣọ ni wọ́n ń yá: ohun tí ẹ gbà gan-an lẹ máa dá padà. Nítorí náà, ilé tí a yá, ti onílé ni; ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí a ó dá a padà, ọwọ́ ẹni tó yá a ló wà. Ẹ̀tọ́ onílé àti ẹ̀tọ́ ayálégbé ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Àmọ́ ta ló ń pe onílé ní "onílé" lójú rẹ̀? "Bàbá" la ń pè é. Inú agbo ilé la ti gbé èdè yìí wá. Nínú agbo ilé, baálé ni olórí, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbéyàwó ló so àwọn èèyàn pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń san rẹ́ǹtì. Nígbà tí Èkó wá kún fún ilé face-me-I-face-you, tí ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, Ìlàjẹ àti Ìgbò ń lo ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan, a kó èdè agbo ilé wọ inú kòrídò. Aládùúgbò di Ìyá Ṣadé, òmíràn di Bàbá Ìbejì. Kódà àwọn tó ń gbé fúláàtì ní Akọka, lẹ́bàá Yunifásítì Èkó, ń sọ bẹ́ẹ̀.

Èdè yìí dára. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, Ìyá Ṣadé ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni owó. Báwo lẹ ṣe fẹ́ bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ "Bàbá"? "Àbí o ò gbà mí gbọ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ lowó ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, láìsí ìwé. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá kú, àwọn ọmọ á pín ilé. Èyí tí yàrá yín bọ́ sí lọ́wọ́ kò mọ̀ yín: "Rìsíìtì dà?" Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta nínú yàrá àti pálọ̀ kò ní èsì.

Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò mọ "Bàbá". Ó yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú Ṣómólú àti Bàrígà. Ó ní onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì. Ẹni tó bá kọ̀ á san ₦10,000 owó ìtanràn. Onílé kò gbọ́dọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, nótíìsì oṣù 6 ni ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù 1 sì ni ti ẹni tó ń san lóṣooṣù. Kúìtì nótíìsì nìkan kò sì tó láti fi kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta; ilé ẹjọ́ ló lè pàṣẹ ìyẹn.

Ṣé ká wá fi "Bàbá" sílẹ̀ ni? Rárá o. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ pè é ní Bàbá, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Yorùbá ní ọgbọ́n tí a fi ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìtàbùkù àgbà. Ara yín ni kẹ́ ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ rù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo máa ń gbàgbé nǹkan, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Bó bá ti kọ orúkọ yín, tirẹ̀, ọjọ́, iye owó, ibi tí ilé wà àti àsìkò tí owó náà wà fún, ó parí.