Ọ̀rọ̀ dé, fọ́tò ò bá a dé: Ibi tí àwòrán ń há sí nígbà tí búlọ́ọ̀gù bá kó lọ sórí sáfà tuntun

Ẹni tó bá ti gbé búlọ́ọ̀gù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ họ́sìtì kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn rí yóò mọ ohun tí à ń wí. Gbogbo àkọsílẹ̀ pé, àkọlé wà níbẹ̀, déètì ò yẹ̀. Fọ́tò nìkan ni kò sí. Níbi tó yẹ kí àwòrán ìgbéyàwó tàbí ti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wà, àpótí kékeré kan tó ya lójú ló jókòó síbẹ̀. Họ́sìtì tuntun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ họ́sìtì náà mọ́.

Ohun tó yẹ kó yéni kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun ni pé fọ́tò yẹn ò fìgbà kan sí nínú ojú-ewé náà. Lóṣù kejì ọdún 1993, Marc Andreessen, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ibùdó NCSA ní Yunifásítì Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dábàá àmì kan tó pè ní IMG, kí àwòrán lè máa hàn láàárín ọ̀rọ̀. Mosaic, bíráwúsà tí òun àti Eric Bina jọ kọ, ló sọ àṣà náà di ti gbogbo ayé. Àmì yìí ò gbé àwòrán dání o, àdírẹ́sì ló gbé. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí a rán ọmọ pé, "Lọ sí ojúlé kẹrin lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kí o ní kí wọ́n fún ẹ ní ẹrù mi." Bí onílé ojúlé kẹrin bá ti kó lọ, ọmọ á padà lọ́wọ́ òfo, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bíráwúsà inú fóònù yín ni ọmọ yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú-ewé kan tó ní fọ́tò ogún, ìrìn-àjò ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká wo àdírẹ́sì kan fínnífínní: http://example.com/wp-content/uploads/2016/08/Osun.jpg. Orúkọ ìkànnì ló ṣáájú. Uploads ni fódà tí WordPress ń kó àwòrán sí, ó sì máa ń pín in ní ọdún-ọdún àti oṣù-oṣù: fọ́tò yìí wọlé lóṣù kẹjọ ọdún 2016. Orúkọ fáìlì ló gbẹ̀yìn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú gbogbo rẹ̀, àwòrán ò ní í jáde.

WordPress tí mo dárúkọ yìí, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde lóṣù karùn-ún ọdún 2003, ni ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀gù ń lò lónìí. Inú dátábéèsì ló ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sí, inú fódà ló sì ń kó àwòrán sí. Ibi méjì ni wọ́n. Ẹni tó bá kó dátábéèsì nìkan ti kó ìtàn, ó sì ti gbàgbé fọ́tò sílẹ̀: àìsàn àkọ́kọ́ nìyẹn. Èyí tó tún máa ń tan èèyàn jẹ ni fáìlì XML tí WordPress fúnra rẹ̀ máa ń fúnni bí a bá ní kó kó ẹrù wa jáde. Ó ń jọ pé gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àti àdírẹ́sì àwòrán ló kún un, kò sí fọ́tò kankan níbẹ̀. Nígbà tí a bá gbé e wọ ilé tuntun, àpótí kékeré kan wà tí a óò fi àmì sí, tí wọ́n kọ "Download and import file attachments" sí lára. Bí a bá fi àmì sí i, ilé tuntun á lọ máa kó fọ́tò láti ilé àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu rárá láti fagi lé họ́sìtì àtijọ́ lọ́jọ́ tí a kó. Mo mọ̀ pé owó họ́sìtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà a máa dun èèyàn. Ẹ san án.

Àìsàn kejì máa ń burú jù, nítorí kì í tètè fara hàn. Ẹ ti kó lọ, ẹ ti yí orúkọ ìkànnì padà pẹ̀lú, gbogbo fọ́tò sì ń hàn dáadáa. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé ilé àtijọ́ ni wọ́n ṣì ti ń jáde wá, torí pé àdírẹ́sì tó wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ yín ò tíì yí padà. Ọjọ́ tí owó họ́sìtì àtijọ́ bá tán ni gbogbo rẹ̀ á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún àwọn tó kúrò lórí Blogspot: ọ̀dọ̀ Google ni fọ́tò wọn ṣì wà, àfi bí wọ́n bá kó wọn wálé.

Bí ilé elòmíràn bá ni fọ́tò yín ń gbé, onílé lè yí òfin padà nígbàkigbà. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2017, Photobucket, tí àìmọye èèyàn ti ń kó fọ́tò sí lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2003, kéde pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán òun máa hàn lórí ìkànnì mìíràn gbọ́dọ̀ máa san 399.99 dọ́là lọ́dún. Káàkiri ayé, fọ́tò àwọn tó ń tajà lórí eBay àti àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún mọ́tò ṣe di àwòrán ìkìlọ̀ kan náà. Ní ọdún 2018 ni wọ́n tó dẹ okùn náà.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó ń ṣe tiwa? Ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣí ojú-ewé náà, ẹ tẹ apá ọ̀tún mọ́ọ̀sì lórí àpótí tó ya yẹn, kí ẹ ní kó ṣí àwòrán náà lójú-ewé tirẹ̀. Ẹ ka àdírẹ́sì tó bá jáde. Bí orúkọ ìkànnì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, àìsàn kejì lẹ ní. Bí orúkọ tuntun ni, tí ó sì kọ 404, fáìlì ò sí níbi tí a wá a dé. Bí 403 ni, fáìlì lè wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tì: ẹ yẹ àṣẹ tó wà lórí fódà àti fáìlì wò, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 755 fún fódà àti 644 fún fáìlì. Ẹ tún wo inú fáìlì .htaccess, nítorí àwọn kan ti ṣòfin síbẹ̀ láyé àtijọ́ pé orúkọ ìkànnì àwọn nìkan ló lè pe fọ́tò, wọ́n wá yí orúkọ padà, wọ́n sì ti ara wọn mọ́ta.

Fún fódà tó ṣẹ́kù sẹ́yìn, iṣẹ́ ò pọ̀. Ẹ fi FTP tàbí cPanel kó uploads látòkèdélẹ̀, kí ẹ má ṣe tú ètò ọdún àti oṣù rẹ̀ ká.

Àdírẹ́sì àtijọ́ ló gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wọ inú dátábéèsì, tí wọ́n á fi orúkọ tuntun pààrọ̀ ti àtijọ́ gbuurugbu. Àwọn àkọsílẹ̀ á dára, ṣùgbọ́n lógò, síláìdì iwájú ilé àti ètò ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé á dàwátì. Ìdí ni pé PHP, èdè tí wọ́n fi kọ WordPress, máa ń ka iye lẹ́tà kó tó pa àwọn ètò kan mọ́. Yóò kọ ọ́ báyìí: s:18:"http://example.com". 18 yẹn ni iye lẹ́tà àti àmì tó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi https rọ́pò http, ó di 19, ṣùgbọ́n 18 ṣì ni ìwé ń wí. PHP á kà á, iye ò ní í bára mu, á sì da gbogbo rẹ̀ nù. Àṣẹ wp search-replace tó wà nínú WP-CLI, irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ fún WordPress, mọ ìṣirò yìí, ó sì ń tún un ṣe bó ṣe ń lọ. Àfikún tó ń jẹ́ Better Search Replace náà mọ̀ ọ́n, fún ẹni tí kò fẹ́ tẹ àṣẹ. Àwọn méjèèjì ló gbà kí a kọ́kọ́ dán an wò láìyí nǹkankan padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà dátábéèsì ná.

Ọ̀rọ̀ https fúnra rẹ̀ kò gùn. Bí ojú-ewé bá wà lórí https tí àdírẹ́sì fọ́tò ṣì jẹ́ http, àwọn bíráwúsà bíi Chrome á gbìyànjú https fún fọ́tò náà; bí wọn ò bá rí i níbẹ̀, kò ní í hàn.

Èyí tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n wà nínú orúkọ fáìlì. Lórí Windows, Osun.JPG àti osun.jpg ọ̀kan náà ni. Lórí Linux, tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, fáìlì méjì ni wọ́n. Ìyẹn tiẹ̀ rọrùn, ojú lè rí i. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ sọ fọ́tò yín ní Ọ̀ṣun.jpg, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, kò sí àmì kan ṣoṣo tó jẹ́ Ọ̀. A lè kọ ọ́ ní Ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, kí a wá fi àmì ohùn lé e. A sì lè kọ ọ́ ní O lásán, kí a fi àmì abẹ́ àti àmì ohùn tẹ̀ lé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ẹ̀dá, kò síyàtọ̀ kankan. Lójú Linux, orúkọ fáìlì méjì tí kò bára tan ni. HFS+, ètò tí kọ̀ǹpútà Mac fi ń to fáìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa tú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kó fódà uploads gba orí irú Mac bẹ́ẹ̀ kọjá lọ sí sáfà tuntun lè dé ibẹ̀ kí fáìlì pé, kí àdírẹ́sì tọ̀nà lójú, kí ó sì máa kọ 404. Èèyàn lè fi gbogbo alẹ́ wò ó kó má rí àléébù. Àbùdá àwọn ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti èdè wa, ṣùgbọ́n àwa ló ń jìyà rẹ̀. Lérò tèmi, ẹ fi àmì sí àkọlé àti sí gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ní ti orúkọ fáìlì, ẹ kọ osun-2016.jpg, ní lẹ́tà kékeré, láìsí àyè láàárín.

Bí ilé àtijọ́ bá ti lọ pátápátá ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi jù wá lọ. Lọ́dún 2019, Myspace jẹ́wọ́ pé nígbà tí àwọn ń kó láti orí sáfà kan sí òmíràn, fọ́tò, fídíò àti orin tó ti lé lọ́dún mẹ́ta níbẹ̀ ti lè sọnù. Ìròyìn nígbà náà sọ pé orin tó lé ní mílíọ̀nù 50 ló lọ. Nǹkan bíi 490,000 péré ló padà wá, torí pé àwọn olùwádìí kan ti ṣe ẹ̀dà wọn láàárín ọdún 2008 sí 2010.

Fún búlọ́ọ̀gù, ibi tí a kọ́kọ́ ń wò ni Wayback Machine ti Internet Archive, iléeṣẹ́ tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1996. Ẹ fi àdírẹ́sì àtijọ́ wá a níbẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́tò náà, ẹ fi im_ sẹ́yìn nọ́ńbà déètì tó wà nínú àdírẹ́sì wọn, á gbé fáìlì náà wá bó ṣe wà gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku fóònù àtijọ́, ímeèlì àti WhatsApp àwọn ẹbí. Gbólóhùn kékeré tó máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó ya, tí wọ́n ń pè ní alt, ló ń ranni lọ́wọ́ jù nídìí ìwákiri yìí. Ẹni tó kọ "Arugbá, Òṣogbo, 2016" síbẹ̀ nígbà tó ń gbé fọ́tò sókè mọ ohun tó ń wá, ó sì lè ní kí àbúrò òun bá òun wá a.