Ọkọ̀ Tí Ó Dàgbà Jù Mí Lọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni Màmá Lọ́ńdọ̀nù fi àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí wa. Ọkọ̀ náà funfun, imú rẹ̀ gùn, òkè gíga sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi là á. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀: "Èyí ni mo fẹ́ fi gbé ẹ̀gbọ́n mi rìn." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọ wọn obìnrin, tí ó ń gbé ní Manchester, fi dáhùn: "Mọ́mì, ọdún 1988 ni wọ́n kan ọkọ̀ yìí o. Ó dàgbà jù mí lọ!"

Ó dàgbà ju èmi náà lọ. Síbẹ̀, èmi ni ẹbí fi iṣẹ́ ìwádìí lé lọ́wọ́. "Ìwọ ni akọ̀wé wa," ni Màmá Lọ́ńdọ̀nù wí, "bá wa wò ó bóyá ọkọ̀ náà á tó ohun tí a ń retí." Mo gbà á bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ó tó oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé n kò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n ń retí gan-an.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó yẹ kí n sọ bí àwọn méjèèjì ṣe jẹ́ síra wọn. Màmá Lọ́ńdọ̀nù ni àbúrò màmá mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ òru, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Màmá mi ń gbé ní Ìbàdàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lọ kí àbúrò wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà méjèèjì, bí ọ̀kan bá jí, èkejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ sùn. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti máa ń pàdé, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á sì kọjá. Nígbà tí màmá mi dé láti ìrìn àjò kejì, mo bi wọ́n pé báwo ni àǹtí mi. Wọ́n ní, "Ara rẹ̀ le. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀." Nítorí náà, owó tí Màmá Lọ́ńdọ̀nù kó jọ fún ìrìn àjò yìí kì í ṣe owó fàájì lásán. Ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn méjèèjì kò ní lè sá fún ara wọn ni wọ́n fẹ́ fi rà.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Balmoral, ti ilé-iṣẹ́ Fred. Olsen. Ìlú Papenburg ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án, Crown Odyssey sì ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí ó di ti Fred. Olsen, wọ́n gbé e lọ sí Hamburg, wọ́n gé e sí méjì ní agbedeméjì, wọ́n ti abala tuntun tí ó gùn tó mítà 30 bọ àárín rẹ̀, àwọn wẹ́dà sì jó o pọ̀ padà. Ọdún 2008 ni ó jáde pẹ̀lú orúkọ tuntun, tí gígùn rẹ̀ sì di nǹkan bí mítà 218. Mo ka èyí sí màmá mi létí. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Bíi ti mólúè?" N kò rí èsì fọ̀ sí i. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe mólúè náà nìyẹn.

Ọmọ àǹtí mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi fídíò Icon of the Seas ránṣẹ́, ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024, tí ó gùn tó mítà 365, tí ó sì lè gba èrò bí 7,600. Ibi tí omi ti ń gbé ọmọdé yọ̀ wá sílẹ̀ láti òkè wà nínú rẹ̀, igi gidi wà nínú rẹ̀, ilé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ ju ti àdúgbò mìíràn lọ. Balmoral kì í gbà ju nǹkan bí 1,300 lọ, yàrá tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ lójú omi kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹjọ́ ti parí. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà dá a bẹ́ẹ̀. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí Màmá Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n fi ọkọ̀ àgbà sílẹ̀, kí wọ́n wá tuntun, pàápàá nítorí ààbò.

Ọ̀rọ̀ ààbò yìí ni ó kọ́kọ́ já mi kulẹ̀, nítorí nígbà tí mo wá ẹ̀rí tí n ó fi gbè é lẹ́sẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Costa Concordia, tí ó forí sọ àpáta ní erékùṣù Giglio ní Ítálì ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2012, tí ènìyàn 32 sì bá a lọ, ọdún 2006 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Viking Sky, tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ nínú ìjì létí òkun Nọ́wè ní oṣù kẹta ọdún 2019, tí hẹlikópítà fi ní láti máa fi okùn fa èrò tí ó lé ní 400 jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún méjì péré ni ó tíì lò lójú omi. Òróró inú ẹ̀rọ ni kò tó. Titanic ńkọ́? Ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni.

Èyí kò sọ pé ọkọ̀ àgbà ní ààbò ju tuntun lọ. Ohun tí ó sọ ni pé ọdún tí wọ́n kan ọkọ̀ kọ́ ni ìbéèrè tí ó yẹ. Lábẹ́ òfin àgbáyé, ìwé ẹ̀rí ààbò ọkọ̀ èrò kì í ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni òfin tún fi dandan lé e pé kí wọ́n yọ ohun tí iná lè tètè ràn kúrò nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí olówó wọn kò lè ná irú owó bẹ́ẹ̀ sì ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fọ́ ọkọ̀ tà. Èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí ti la sẹ́ẹ̀sẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè béèrè ìgbà tí wọ́n gbé e gun èbúté gbígbẹ gbẹ̀yìn, àti ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀: ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n tún ṣe ni, àbí kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n pààrọ̀?

Mo wá wá ẹni tí ó ti wọ irú rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ Màmá Lọ́ńdọ̀nù kan ti wọ ọkọ̀ kékeré àtijọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n sì rò fún mi lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Lífítì lọ́ra. Ilé ìwẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á jáde síta kí ó tó lè yí padà. Eré alẹ́ kò ju ti olórin méjì àti dùùrù lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn sunkún pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí kà nípa ọkọ̀ náà kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n ní iye owó rẹ̀ ni. Ó ṣe mí láàánú, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí ó lọ sí ọjà Bódìjà, tí ó wá ń bínú pé kò rí àtẹ̀gùn tí ń rìn fúnra rẹ̀. Ìbàjẹ́ ọkọ̀ wà nínú ẹjọ́ wọn, n kò jiyàn. Lífítì tí ó bàjẹ́ bàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tún un gbọ́, ìdajì rẹ̀ kì í ṣe àléébù ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ àwọn àgbà.

Ibi tí mo bá a dé nìyí nígbà tí màmá mi, tí kò dá sí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bi mí ní ìbéèrè kan níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́. "Nínú ọkọ̀ ńlá tí ẹ ń sọ yẹn, ṣé ènìyàn ń rí omi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1963, nígbà tí màmá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n mú wọn lọ sí èbúté Apápá láti pàdé bàbá wọn tí ó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ọkọ̀ tí ó gbé e wá ni Aureol, ọkọ̀ Elder Dempster tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà bá lọ tàbí bá bọ̀. Láti Liverpool ni ó ti máa ń gbéra, á yà ní Las Palmas àti Freetown, á sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gúnlẹ̀ ní Èkó. Funfun ni ara rẹ̀. Ọdún 1974 ni wọ́n dá ìrìn rẹ̀ dúró, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tọ́ọ̀nù rẹ̀ bí 14,000 ni, ìdá kan nínú mẹ́ta ti Balmoral. Ohun tí a wá ń pè ní ọkọ̀ kékeré lónìí, ìyá ńlá ni ì bá jẹ́ ní Apápá ọjọ́ náà.

Bàbá àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n wọn kì í dákẹ́ nípa ọkọ̀ yẹn. Wọ́n ní ní òwúrọ̀, ènìyàn á gbé àga síta, á bo ẹsẹ̀, á máa wo omi títí omi á fi di ohun kan ṣoṣo tí ó wà láyé. Màmá Lọ́ńdọ̀nù kò bá wọn dé èbúté. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n bí wọn. Ẹnu ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo padà lọ wo àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, ọkọ̀ funfun, imú gígùn, tí mo sì rí i pé ọdún 1988 kò kàn wọ́n rárá.

Mo pa lẹ́tà mi rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yí padà. Ṣé ibi kan wà tí ènìyàn méjì lè jókòó síta kí wọ́n máa wo omi láìsí orin tí ń dún lókè orí wọn? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni ó ní irú dẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbà tí wọ́n kàn wọ́n, òkun ni èrò ń wò. Ṣé ibi oúnjẹ jìnnà sí yàrá? Nínú ọkọ̀ tí ó gùn tó mítà 365, ìrìn ni, ó sì ti pẹ́ tí orúnkún màmá mi ti ń sọ èdè tirẹ̀.

Orúnkún yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní ìloro gíga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, àwọn yàrá mìíràn sì ní ọpọ́n ìwẹ̀ tí ènìyàn ní láti gbẹ́sẹ̀ sókè wọ̀. Mo ní kí Màmá Lọ́ńdọ̀nù pe ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n má sì béèrè pé "ṣé yàrá yín dára?" bí kò ṣe pé kí ni gíga ìloro yàrá báyìí-báyìí, ṣé ọpọ́n ni àbí omi tí ń rọ̀ láti òkè? Inú ọkọ̀ kan náà, yàrá kan lè yàtọ̀ sí èkejì bí ilé àti ìta. Ẹ tún wo ohun tí ó wà lókè yàrá àti nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí àwòrán ọkọ̀ kí ẹ tó yàn án. Ẹni tí ó bá sùn sábẹ́ ilé ijó ti gba ìwé ìpè sí ijó. Ẹni tí òkun bá ń kọ lù, àárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀, ni kí ó wá. Kí ẹ sì béèrè bóyá ọkọ̀ á sún mọ́ ilẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan tàbí ó máa dúró sí àárín omi, tí ọkọ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ á wá kó èrò. Ní Geiranger ní Nọ́wè, níbi tí apá òkun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wọ àárín òkè lọ, àárín omi ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń dúró sí. Àtẹ̀gùn tí ń mì kì í ṣe fún gbogbo orúnkún.

Ọmọ àǹtí mi kò tíì gbà tán. Ó ní bí ìyà bá jẹ wọ́n níbẹ̀, kí n rántí pé òun ti sọ ọ́. Mo ní mo gbọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìjì kò mọ ọjọ́ orí ọkọ̀, kò sì mọ ọjọ́ orí èrò.

Wọ́n ti san owó ìdákọ́ni. Ohun tí ó kù ni físà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe ohun ìkẹyìn bí mo ti fẹ́ ṣe é: ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó, nítorí abẹ́ Schengen ni Nọ́wè wà, ọkọ̀ kò sì ní gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé. Màmá mi ti kó ìwé wọn jọ sínú fáìlì pupa kan tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Yàrá kan ni wọ́n mú, ibùsùn méjì, fèrèsé kan, àárín ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sanwó, Màmá Lọ́ńdọ̀nù pè, mo sì fi ohùn wọn síta kí màmá mi lè gbọ́. Wọ́n ní àwọn gbàgbé láti béèrè nǹkan kan kí àwọn tó mú yàrá kan ṣoṣo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì ń hanrun?"

"Èmi?" ni màmá mi wí. "Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀? Ìgbà wo lo sùn lóru?"