Kí A Tó Yí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fóònù Wa Padà

Láti ìgbà tí ìpè fóònù ti gbówó lórí, kò sí ìpàdé oṣù tí ẹnì kan kì í dìde béèrè pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni kí òun bọ́ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi kún owó wọn, kó ṣáà má ti ju ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, owó títẹ kóòdù bánkì, ìyẹn àwọn nọ́ńbà oníràwọ̀ tí a fi ń fi owó ránṣẹ́, tún kúrò lára àkáǹtì, ó bọ́ sórí káàdì fóònù: náírà 6 àti kọ́bọ̀ 98 fún ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹni tí kò bá ní káàdì lórí fóònù kò lè fi kóòdù fi owó ara rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ fàájì, ọ̀rọ̀ ajé ni.

A kò ní dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan pé ibẹ̀ ni kí gbogbo yín lọ. Ohun tó dára fún ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági lè má wúlò rárá fún ẹni tó ń lọ kó iṣu ní Kíṣí. Ohun tí a lè ṣe ni ká jọ wò ó bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Àwọn àgbà inú wa kò ní gbàgbé ayé P and T, àti ti NITEL tó dé ní 1985, tí ẹni tó fẹ́ fóònù yóò kọ lẹ́tà, yóò dúró, yóò tún dúró. Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, síìmù nìkan ń lọ sí nǹkan bí 20,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìpè ìṣẹ́jú kan sì ń jẹ́ 50 náírà. Bí ẹ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà sí yín lọ́rùn. Ibẹ̀ ni fíláṣì ti bẹ̀rẹ̀, àbí ẹ ti gbàgbé? Glo wọlé ní 2003, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e tipátipá. A mú ìtàn yìí wá kí ẹ lè rí i pé àánú kọ́ ló mú owó wálẹ̀ nígbà náà; oníbàárà rí ibòmíràn lọ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Bọ́nọ́ọ̀sì ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kìíní ń gba 20 kọ́bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò fún yín ní ẹ̀bùn kankan, owó yín kò sì ń bàjẹ́ ní kíákíá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì ní tirẹ̀ ní bí ẹ bá fi 1,000 náírà síi, òun yóò sọ ọ́ di 4,000, ṣùgbọ́n láti inú 4,000 yẹn, 60 kọ́bọ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan, ọjọ́ méje péré ni kí ẹ sì fi ná an tán. Àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Ní ti àkọ́kọ́, 1,000 náírà yóò fún yín ní ìṣẹ́jú 83. Ní ti ìkejì, 4,000 náírà yóò fún yín ní ìṣẹ́jú 111. Ẹnu yóò sọ pé ìkejì ló pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú 16 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyá olókòwò tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́fà lójúmọ́, 42 péré ni yóò lò lọ́sẹ̀ kan, ìyókù á jóná. Lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, 1,000 náírà kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o lọ́sẹ̀ méjì.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ̀yin ń ná. Ẹ fi oṣù kan kọ gbogbo káàdì tí ẹ rà sínú ìwé, bí ẹ ṣe ń kọ ọjà àwìn. Láti 2023, kóòdù kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò: *310# láti mọ iye owó tó kù, *323# fún dátà. Ti dátà kò le: ẹ pín owó sí iye gígì, ẹ sì wo iye ọjọ́ tó máa lò. Gígì tó pọ̀ tí yóò kú láàárín ọjọ́ kan, ẹran tí kò sí fíríìjì ni.

Ó kan iná nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Olówó pọ́ọ́kú tí kò gba ìpè, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Òpó tó wà nítòsí yín ló ń gbé ìpè yín, kì í ṣe ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n. Òkè, ilé alájà púpọ̀, òrùlé páànù, gbogbo wọn ló ń dínà mọ́ ọn. Òmíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: òpó kan dà bí kànga àdúgbò. Lọ́jọ́ tí kò sí ọjà, olúkúlùkù a pọn tirẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò bá sọ korobá sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omi á fà. Nítorí náà, ẹni tó lọ dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò lọ́jọ́ Sunday nínú ọjà tó dá páro, kò tíì dán nǹkan kan wò.

Ọ̀nà tí a gbà yín nímọ̀ràn rèé. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló ń gba síìmù méjì, títí kan àwọn kékeré oníbọ́tìnnì. Ẹ ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń wò lójú, ẹ kì í bọ ihò kejì, ẹ má tíì fi ọwọ́ kan nọ́ńbà yín. Ẹ lò ó fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta ó kéré tán: nínú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, nínú ilé lóru, àti ní ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ kó ọjà. Ẹ má fi ìpè nìkan dán an wò. Ìpè lè lọ geere kí dátà má gbéra, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ POS ń lo síìmù tirẹ̀, òun náà sì fẹ́ dátà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù yín pé èwo ni tiwọn ń lò. Bí ó bá jẹ́ ìgboro ìlú ńlá ni ẹ ń jókòó sí, ìyàtọ̀ lè má pọ̀. Ẹni tó ń lọ oko ni kó ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ tó ká wa lára jù wá kù, òun ni nọ́ńbà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta epo pupa rí síìmù tó dín owó, ó rà á, ó sì ju ti àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ yìí ti wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti lórí rìsíìtì rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ìlànà NCC ni pé síìmù tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ lè pa á. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kan láti òkèèrè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà pé kí ìyá fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ kí òun lè san gbèsè. Ẹni tí nọ́ńbà bọ́ sí lọ́wọ́ kò janpata, ó fi àkáǹtì tirẹ̀ ránṣẹ́. Náírà 85,000 lọ. Oníbàárà ní òun ti san, ìyá ní òun kò rí i, ìjà dé iwájú ìgbìmọ̀ wa. A ní kí wọ́n pín àdánù náà sí méjì, kò sì tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn títí di òní.

Wọ́n tilẹ̀ ríbi yọ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ṣì wà lórí àkáǹtì bánkì ìyá. Áléètì ń lọ síbẹ̀, kóòdù ìdánimọ̀ tí bánkì ń fi ránṣẹ́ náà ń lọ síbẹ̀, PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin péré ló wà láàárín àlejò náà àti owó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kò sí ìdí tó fi yẹ kó ju nọ́ńbà nù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni NCC ti ṣí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Pọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ bọ́ sí, ẹ má lọ sí ti ibi tí ẹ ti ń kúrò. Ẹ mú fóònù àti síìmù yín dání, àti NIN yín. Wọ́n á kọ orúkọ yín, ẹ̀yin á sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, PORT, ránṣẹ́ sí 3232 láti orí nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ gbé. Wọ́n á fún yín ní síìmù tuntun. Nígbà tí ti àtijọ́ bá kú, ẹ fi tuntun sí i. Owó àti dátà tó wà lórí síìmù àtijọ́ kì í bá yín lọ, nítorí náà ẹ ná an tán, ẹ sì san káàdì tí ẹ bá yá. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ ń retí owó, torí ìgbà díẹ̀ lè wà tí fóònù kò ní gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ọ̀pọ̀ kì í wọ̀n mọ́ ọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kí ẹ wà, wọ́n mọ ẹni tí ẹ pè, àkókò tí ẹ pè é, àti òpó tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Nítorí náà, kíkúrò kò pa ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ rẹ́. Òfin ààbò ìwífún ti 2023 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ kan kọ nípa wa, kí a sì ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ibi tí àṣírí ti ń tú jù ni abẹ́ agboòrùn ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ọmọkùnrin kan ti ń kọ NIN yín sínú ìwé eré ọmọdé, tí ó ní kí ẹ tún ìka tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí "kò gbà á". Ìka ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn lè di síìmù ẹlòmíràn ní orúkọ yín. Ọ́fíìsì wọn gan-an ni kí ẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà á gùn. Ẹ má ra síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn sí. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń da yín láàmú, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, wọ́n á dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá pọ́ọ̀tì, ẹ tún un kọ.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá fi ìyà jẹ yín, wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sùn, ní 300, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, 622 ni ti NCC, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni tó bá ti pọ́ọ̀tì, kó jọ̀ọ́ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ àti fún àwọn tó ń fi káàdì ránṣẹ́ sí i. 0803 tàbí 0805 tó wà níwájú nọ́ńbà kò fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn mọ́, bí a bá sì yan èyí tí kò tọ́ nígbà tí a ń ra káàdì, ó lè má wọlé. Akápò wa ti jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí.