Mary Celeste (ọkọ̀ ojú omi)

Mary Celeste jẹ́ ọkọ̀ onígbòkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá lórí Òkun Àtìláńtíìkì ní oṣù Kejìlá ọdún 1872 láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ló bá ọkọ̀ náà gbéra. A kò gbúròó ọ̀kankan nínú wọn mọ́.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó kúrò ní New York, ó forí lé Genoa ní Ítálì pẹ̀lú àgbá 1,701 tó kún fún ọtí líle tí kò ṣeé mu. Benjamin Briggs ni ọ̀gá ọkọ̀. Aya rẹ̀ Sarah, ọmọ wọn Sophia tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, àti atukọ̀ méje ló wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn atukọ̀ Dei Gratia rí i láàrin erékùṣù Azores àti Pọ́túgàl. Oúnjẹ oṣù mẹ́fà ṣì wà nínú rẹ̀, ẹrù àwọn èrò kò sì kúrò nípò. Ohun tí wọn kò rí ni ọkọ̀ kékeré tí a fi ń sá àsálà, àti àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń mọ ọ̀nà lójú òkun. Omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì ti tú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde. Àkọsílẹ̀ ìrìnàjò parí sí ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, nítòsí erékùṣù Santa Maria.

Ní ilé-ẹjọ́ ní Gibraltar, agbẹjọ́rò ìjọba, Frederick Solly-Flood, fura sí ìpànìyàn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fi hàn pé àbàwọ́n tó wà lára idà kan nínú ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Àlàyé méjì ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Àgbá mẹ́sàn-án ṣófo nígbà tí wọ́n já ẹrù ní Genoa. Oru ọtí tó jò lè ti mú kí Briggs bẹ̀rù pé ọkọ̀ fẹ́ gbiná. Ó sì lè jẹ́ pé, nítorí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ó rò pé ọkọ̀ ń rì, tó sì gbìyànjú láti dé ilẹ̀ tó wà nítòsí.

Ìtàn àròsọ tí Arthur Conan Doyle tẹ̀ jáde ní ọdún 1884 da ọ̀rọ̀ náà rú. Ó pe ọkọ̀ náà ní Marie Celeste, ó sì kọ ọ́ pé àwọn ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wà ní ipò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù fi pòórá lójú ọ̀pọ̀ òǹkàwé.

Ọkọ̀ tí wọ́n sá fún kò rì. Ó ń kó ẹrù lójú òkun títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1885, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kọlu àpáta abẹ́ omi nítòsí Háítì nítorí owó adójútòfò.