Igbe Òru: Ọmọ Ń Ké, Ṣùgbọ́n Kò Tíì Jí

Lóru ọjọ́ kan nílé wa ní Scarborough níbí, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, ṣàdédé dìde jókòó, ó figbe ta. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, òógùn bò ó, àyà ẹ̀ ń lù kìkì. Mo pè é, kò dá mi mọ̀. Mo fẹ́ gbé e, ó ń tì mí dànù. Nígbà tó yá, ó sùn padà. Láàárọ̀, kò rántí nǹkan kan.

Mo pe ìyá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní, "Má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá a jà."

Ká má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago sílẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ségesège. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wákàtí 2 lẹ́yìn tó bá sùn ní gbogbo ìgbà.

Aago yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun àsùnwọra máa ń pọ̀ jù. Nígbà míì, apá kan ọpọlọ ọmọ á fẹ́ jí, apá tó kù á ṣì máa sùn. Ẹnu á ké, ẹsẹ̀ á máa ta, ṣùgbọ́n apá tó ń dá èèyàn mọ̀, tó sì ń rántí nǹkan, ò tíì jí. Lọ́dún 1968, Roger Broughton, oníṣègùn ọmọ Kánádà, ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Science pé bí ọpọlọ ṣe ń jí látinú oorun ni ìṣòro yìí wà, kì í ṣe nínú àlá. Àlákálàá yàtọ̀: ọwọ́ ìdájí ló sábà máa ń wá, ọmọ á jí, á sì lè rọ́ ọ.

Ìwádìí kan láti Quebec, tó jáde ní 2015, rí i pé nínú 100 ọmọ oṣù 18, nǹkan bíi 34 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pé ọdún 5, ó ti wálẹ̀ sí bíi 13. Ṣé gbogbo wọn wá ni emèrè?

Kí ni ká ṣe? Ẹ má gbọn ọmọ jí, ẹ má da omi sí i lójú. Ẹ dúró tì í, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Ẹ jẹ́ kó tọ̀, kó sì tètè sùn, torí àìsùn tó àti ibà máa ń fà á. Tó bá jẹ́ aago kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, ẹ rọra máa jí i ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 ṣáájú, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá ń hanrun tí èémí ẹ̀ ń dá dúró, tàbí tó jọ gìrì, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀, kí ẹ fi han dókítà. Ní Ontario, ẹ lè pe 811 tọ̀sán-tòru, kí ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ṣì ń gbàdúrà, èmi náà ń ṣe àmín. Àmọ́ ní aago méje ààbọ̀, ọmọ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.