Àgbáyun àti Igbó Òjò Ilẹ̀ Bìní

Igbó òjò, èyíinì ni igbó kìjikìji tí òjò ti ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, tí àwọn igi rẹ̀ kì í sì í wọ́wé tán lẹ́ẹ̀kan náà, ni ó yí ìlú Bìní ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ká láyé àtijọ́. Irú igbó bẹ́ẹ̀, láti Gánà títí dé Kóńgò, ni ilé àgbáyun, igi kékeré tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Synsepalum dulcificum. Ìdílé kan náà ni òun àti agbálùmọ̀ àti igi òrí ti wá, ṣùgbọ́n kò ga tó wọn rárá, nítorí abẹ́ òjìji àwọn igi ńlá ni ó ń gbé.

Ṣóńṣó ẹ̀ka ni ewé rẹ̀ máa ń pọ̀ sí. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè fò ó. Èso rẹ̀ kò ju orí ìka lọ, pupa ni bí ó bá pọ́n, ẹran ara rẹ̀ tín-ín-rín, kóró kan ṣoṣo ni ó sì gba inú rẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, adùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Àmọ́ bí ó bá fi ẹran èso náà ra ahọ́n dáadáa, tí ó wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ògì kíkan, dídùn ni yóò máa bá pàdé fún ìwọ̀n wákàtí kan. Purotéènì kan tí a ń pè ní miraculin, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ sọ́tọ̀ ní ọdún 1968, ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, ìkan oúnjẹ ni ó sì ń jí i ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iná a máa bà á jẹ́. Chevalier des Marchais, ará Faransé, ti kọ nípa èso yìí ní 1725, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ni ó rí tí wọ́n ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ. Tiwọn ni ìmọ̀ náà í ṣe.

Ilẹ̀ pupa oníyanrìn tí òjò ti fọ̀ títí tí ó fi kan, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Bìní, bá àgbáyun lára mu, nítorí ewé rẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ilẹ̀ tí kò kan. Igbó Okomu, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní 1912, tí apá kan rẹ̀ sì di ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá igbó ti orílẹ̀-èdè ní 1999, jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù nínú igbó àtijọ́ yìí, oko ọ̀pẹ àti ti rọ́bà sì ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó yí i ká. Níbi tí a bá ti gé igi ńlá, tí a sì ṣán abẹ́ rẹ̀, àgbáyun kò ní òjìji mọ́.

A kò sì lè tọ́jú kóró rẹ̀ sínú àká bí ẹni tọ́jú àgbàdo, nítorí bí ó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá jẹ àgbáyun gbin kóró rẹ̀ lọ́gán sí abẹ́ òjìji, kí ó sì ní sùúrù, nítorí ó tó nǹkan bí ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó so.