Owó CFA: Kí ló dé tí owó tí Faransé dá sílẹ̀ ní 1945 ṣì fi wà lápò àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Ẹni tó bá gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láti Nàìjíríà wọ orílẹ̀-èdè Benin yóò rí àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò ní pẹ́ tí náírà ọwọ́ rẹ̀ yóò fi di owó CFA, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní séfà. Owó kan náà ni yóò ná ní Kútọnù, tí yóò ná ní Lomé, tí yóò sì ná dé Dakar láì tún ṣẹ́ ẹ mọ́.

Ìrọ̀rùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó náà ló jókòó papọ̀ dá a sílẹ̀. Ìjọba amúnisìn Faransé ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1945. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àsíá Faransé ti sọ̀kalẹ̀ ní Benin, Tógò àti Senegal, àmọ́ owó náà kò bá àsíá lọ.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan kò fi kúrò nílẹ̀: ta ló ń pinnu iye tí owó yìí jẹ́, ta sì ni ìpinnu náà ń dé bá?

Báwo ni owó CFA ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ọrọ̀ ajé Faransé ti dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Ọ̀gágun Charles de Gaulle sì fẹ́ tún ìṣòwò tó wà láàárín Faransé àti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso gbé dìde.

Orúkọ owó náà kò fi ohunkóhun pamọ́. Ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún nígbà náà ni fránkì ti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Nígbà tí òmìnira dé, wọn kò pa lẹ́tà náà dà, ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí padà.

Lónìí, orílẹ̀-èdè 14 ló ń ná an. Mẹ́jọ wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: Benin, Burkina Faso, Guinea-Bissau, Ivory Coast, Mali, Niger, Senegal àti Tógò. Báńkì àpapọ̀ wọn, BCEAO, wà ní Dakar. Mẹ́fà yòókù wà ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, báńkì tiwọn sì wà ní Yaoundé, ní Cameroon.

Àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ńkọ́?

Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀. Láti ọdún 1912 ni àjọ West African Currency Board, tó fìdí kalẹ̀ sí London, ti ń pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia.

Ṣùgbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jáde kúrò níbẹ̀. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, nígbà tí òmìnira ku ọdún kan. Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í ná cedi ní 1965. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́ùn ní Nàìjíríà.

Báwo ni owó CFA ṣe ń ṣiṣẹ́?

Àkọ́kọ́, iye rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bíi ti náírà. CFA 655.957 ni euro kan. Ìbáà jẹ́ pé òwú wọ́n ní Mali tàbí kòkó pọ̀ yanturu ní Ivory Coast, iye yẹn kò ní yẹ̀.

Èkejì, Faransé ló dúró bí onígbọ̀wọ́. Bí owó ilẹ̀ òkèèrè bá tán lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀, Faransé ni yóò yá a. Nítorí ìdúró yìí, àwọn báńkì náà ní láti kó owó òkèèrè wọn pamọ́ sí ilé ìṣúra ìjọba Faransé ní Paris. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni. Ní 1973, ó di ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di 2005, ó di ìdajì fún BCEAO. Àwọn aṣojú Faransé sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí báńkì náà nígbà náà.

Ẹ̀kẹta, ìlú Chamalières, ní àárín gbùngbùn Faransé, ni wọ́n ti ń tẹ owó bébà rẹ̀.

Ọjọ́ tí owó dín sí ìdajì

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ìgbésí ayé mẹ̀kúnnù hàn kedere ní oṣù Kìíní, ọdún 1994.

Fún ọdún márùndínláàádọ́ta, láti 1948, iye tí owó náà jẹ́ sí fránkì Faransé kò yí padà. Àmọ́ nígbà tó di àwọn ọdún 1980, iye tí wọ́n ń ra kòkó, kọfí àti òwú lágbàáyé já wálẹ̀, gbèsè sì wọ àwọn ìjọba lọ́rùn. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè náà pàdé ní Dakar, aṣojú Faransé àti ti àjọ IMF sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ ní ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, CFA 50 tó ń jẹ́ fránkì kan ti di CFA 100.

Iye tó wà nínú àpamọ́wọ́ èèyàn kò dín, ṣùgbọ́n ohun tí yóò rà nínú ọjà òkèèrè ti dín sí ìdajì. Ìrẹsì, epo ọkọ̀ àti ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọ́n. Oògùn, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Faransé wá, gbówó lórí mọ́ aláìsàn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin òwú fún títà sókè òkun rí èrè díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọjà wọn rọrùn láti rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù kò rí ohun kan tí yóò fi dí àlàfo náà.

Ṣé àwọn kan ti gbìyànjú láti jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà wọn kò sì dọ́gba. Guinea, tó kọ Faransé sílẹ̀ nínú ìdìbò 1958, dá owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1960. Mauritania àti Madagascar jáde ní 1973. Mali jáde ní 1962, àmọ́ ó padà wọlé ní 1984 nígbà tí owó tirẹ̀ kò dúró dáadáa.

Ní Tógò, Ààrẹ Sylvanus Olympio, ọmọ ìdílé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá, ń ṣètò owó tí Tógò yóò dá ná nígbà tí àwọn ọmọ ogun pa á ní ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 1963. Ìbínú àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tí kò rí iṣẹ́ gbà wà lára ohun tó fa ikú náà. Ètò owó yẹn kò kúkú wáyé.

Kí ni àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó kọ̀ ọ́ ń sọ?

Àwọn tó gbè sẹ́yìn CFA ní kí wọ́n wo àwọn aládùúgbò. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2022, ọ̀wọ́ngógó ọjà dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní Gánà. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ó jẹ́ 34.8 ní Nàìjíríà. Kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ní Benin tàbí Senegal. Wọ́n ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi Kako Nubukpo ti Tógò àti Ndongo Samba Sylla ti Senegal kò gbà. Wọ́n ní owó tí wọ́n so mọ́ euro ń mú kí ọjà tí a ṣe nílé wọ́n lókè òkun, kí ọjà òkèèrè sì pọ̀ nílé. Wọ́n ní ìyáwó láti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ṣòro, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó bá ọrọ̀ ajé Yúróòpù mu ló ń darí ètò owó ní Dakar.

Kí ló ti yí padà?

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2019, Ààrẹ Emmanuel Macron àti Ààrẹ Alassane Ouattara kéde ní Abidjan pé BCEAO kò ní kó owó pamọ́ sí Paris mọ́, pé aṣojú Faransé yóò kúrò nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, àti pé orúkọ owó náà yóò di Eco.

Àmọ́ Eco ni orúkọ tí ECOWAS ti yàn ní oṣù mélòó kan ṣáájú fún owó tí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yóò jọ ná. Nàìjíríà, Gánà àti àwọn mìíràn fárígá. Ní ti iye, CFA ṣì so mọ́ euro, Faransé sì ṣì ni onígbọ̀wọ́. Mali, Niger àti Burkina Faso pàápàá, tí wọ́n lé ọmọ ogun Faransé lọ, tí wọ́n sì fi ECOWAS sílẹ̀ ní oṣù Kìíní, ọdún 2025, owó CFA náà ni wọ́n ṣì ń san fún òṣìṣẹ́ wọn.

Kò sí ibi tí Yorùbá ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí tó Ìmẹ̀kọ àti Kétu, tí àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1889 fi ààlà sí láàárín. Ìran kan ni wọ́n, owó méjì ni wọ́n ń ná. Ará Ìmẹ̀kọ ń ṣàròyé pé náírà òun ń já wálẹ̀, ó sì mọ̀ pé Abuja ni yóò kọjú sí. Owó ará Kétu kò mì, ṣùgbọ́n ní 1994 tí ó mì, ìjọba rẹ̀ nìkan kọ́ ló ni ìpinnu náà.